Mo Lọ Mú Mojí Bọ̀ Láti Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ìgbòho, ẹ dákun, ẹ yéé wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Mo dá lọ, mo sì dá dé. Ẹ̀yin tí ẹ sìn mí dé gáréèjì lọ́jọ́ náà, tí ẹ sì gbọ́ nígbà tí mo búra pé èmi àti Mojísọ́lá ọmọ mi la jọ máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo bá bá padà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń bi ara yín léèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ tó fi tiyín kún un.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, Mojí nìkan ni mo bí. Ó ti gba oyè ẹnjiníà ní yunifásítì, irú ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà, afárá àti ilé. Mo rò pé ìyẹn tó. Ọ̀gá iléèwé girama wa níbí ti ṣèlérí àyè olùkọ́ ìṣirò fún un, nínú kíláàsì, níbi tí ẹfun ìkọ̀wé ti jẹ́ ohun tó wúwo jù tó lè jábọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ní rárá. Ó ní òun ń lọ ka másítàsì ní Ọ̀tà, kì í sì í ṣe másítàsì àkàsórí, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kọ́ ni. Bí wọ́n bá wà ní kíláàsì lónìí, ojú iṣẹ́ ni wọ́n á wà lọ́la, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì máa kọ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lórí iṣẹ́ gidi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní rédíò. Mo máa ń gbọ́ ìròyìn ilé tó wó, mo sì máa ń gbọ́ irú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ rí pé ìṣirò wó pa olùkọ́.

Mo di iṣu, mo di ẹran gbígbẹ, mo gbéra.

Ìyá gbogbo ayé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ dé Sango, ẹnu ọ̀nà Ọ̀tà, ẹ má wulẹ̀ wo pátákó. Imú yín ló máa sọ fún yín. Òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ló máa kọ́kọ́ wọlé, ẹ ó sì ní, “Ìlú yìí mà dára o.” Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kejì, òórùn rọ́bà jíjóná á ti lé e jáde. Ọṣẹ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tí n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ló pọ̀ báyẹn. Tírélà ń wọlé, tírélà ń jáde, eruku sì jókòó sáàárín wọn bí onílé.

Ní Ìgbòho, obìnrin gbọ́dọ̀ bímọ tàbí kó tọ́ ọ kó tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ afárá Sango, mo di ìyá gbogbo ayé kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ nínú ọkọ̀. “Mọ́mì, ẹ sún!” “Mọ́mì, ẹ gbé ẹrù yín kúrò lọ́nà!” “Mọ́mì, where you dey go?” Ọlọ́kadà kan tí irun orí rẹ̀ funfun ju tèmi lọ náà pè mí ní mọ́mì. Mo wò ó dáadáa. Mo bi í pé ọdún wo ni mo bí i.

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ gùn ún ká máa lọ.”

Mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àwọn kan dáhùn nígbà tí wọ́n ti kọjá lọ tán, ẹ̀yìn wọn ló dá mi lóhùn. Obìnrin kan ṣàánú mi, ó dúró. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, “Mà, ṣé mo mọ̀ yín ni?” Mo ní rárá. Ó di àpò rẹ̀ mú, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pè yín lólè ní Sango, ẹ kàn kí wọn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Ará òkè

Ọgbà kan ní àdúgbò Ilo-Awela ni Mojí ń gbé. Ilé iṣẹ́ kékeré tó gba iṣẹ́ gọ́tà ńlá àdúgbò náà ló háyà iwájú ọgbà, tí wọ́n ń kó irin, pákó àti sìmẹ́ńtì sí. Ẹ̀yìn ni àwọn ayálégbé wà. Ìyá Onílé ló gbà mí lálejò, ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tọ́.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ará ibo ni yín?”

“Ìgbòho ni, mà.”

“Ìgbòho.” Ó ronú sí i. “Ṣé ibẹ̀ kò tíì di ilẹ̀ Hausa?”

“Òkè-Ògùn ni, mà.”

“Ẹn-ẹ́n! Ará òkè ni yín.”

Bí mo ṣe sọ orúkọ mi nù nìyẹn. Ará òkè ti jí? Ará òkè ti wẹ̀? Bó bá ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ Àwórì, mo mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ìgbà tí rédíò bá fẹ́ mú ìkànnì tí kò mú un tán. Mo ń mi orí. Ẹni tó bá ń mi orí, wọn kì í bi í ní ìbéèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan wọlé pẹ̀lú bàtà ológun, akoto ike lórí, ẹ̀wù tó ń tàn yòò lọ́rùn, gbogbo ara funfun fún sìmẹ́ńtì. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Ọ̀gbẹ́ni náà kúnlẹ̀ gbàgà, akoto lórí, bàtà lẹ́sẹ̀. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ni.

“Màámi! Ẹ kò tiẹ̀ sọ pé ẹ ń bọ̀!”

Ó ní kí n má ṣe dá ara mi láàmú, pé òun máa gún iyán fún mi. Mo wo gbogbo yàrá, n kò rí odó. Ó bu lẹ́búlẹ́bú kan sínú omi gbígbóná, ó rò ó bí ẹni ń ro ògì, ó gbé e síwájú mi. Mo bi í pé ta ló gún un. Ó ní ẹ̀rọ ni. Mo bi í pé níbo. Kò mọ̀. Mo jẹ ẹ́, nítorí pé ọmọ mi ló gbé e fún mi, mo sì pinnu pé kí n tó mú un kúrò ní ìlú yìí, ó máa jẹ iṣu gidi.

Mo sọ̀rọ̀ àyè olùkọ́ fún un. Ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ìwé àṣekágbá mi níwájú àwọn olùkọ́. Ó ku díẹ̀.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Gọ́tà kan ni wọ́n fẹ́ gbé gba abẹ́ títì kọjá, nítorí pé bí òjò bá rọ̀, orí ọ̀nà ni àgbàrá ń gbà. Òun ni wọ́n ní kó wá iyanrìn tó yẹ kí wọ́n fi po kọnkéré rẹ̀. Ó ti pò ó, ó ti kó o pamọ́, ó ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa dán an wò. Ó ṣàlàyé ibi tó kó o pamọ́ sí pẹ̀lú. Ọgbẹ́ kan wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, òun ni mo ń wò. N kò gbọ́ ìyókù.

Ààrò tó dára jù ní Ọ̀tà

Ní ọjọ́ kejì, Mojí lọ sí iléèwé. Mo yẹ àyíká wò, bí ìyá ṣe ń ṣe. Dúróọ̀mù ike kan wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, omi kún inú rẹ̀, tanwíjí sì ń jó nínú omi náà bí ọmọ ìjọ. Ọmọ tó ka ìwé tó báyìí, ó ń sin ẹ̀fọn lẹ́yìn fèrèsé ara rẹ̀! Mo da omi náà nù. Mo bá àwọn òkúta kan ní ìsàlẹ̀, aláwọ̀ eérú, onígun mẹ́rin, ìbú, òró àti gíga wọn dọ́gba, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn. Àwọn ọmọdé kan ti fi ọ̀dà kọ nǹkankíǹkan sí wọn lára. Mo kó wọn síta kí oòrùn lè pa wọ́n.

Ìgbà náà ni mo ronú kan iṣu. Sítóòfù gáàsì Mojí lè gbé ẹyin, kò lè gbé ìkòkò. Àmọ́ ègé pákó kún iwájú ọgbà, òkúta sì rèé níwájú mi. Mo yan mẹ́ta, mo tò wọ́n. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ìyà tí òkúta ààrò ń fi jẹ wá, bí a ṣe ń fi àpáàdì há abẹ́ èyí tó bá ń mì. Èyí kò mì. Ìkòkò jókòó lé e bí ọba. Mo yin Ọ̀tà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní, wọn kò mọ ìkíni, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ààrò-ó ṣe.

Iṣu ti fẹ́ jinná nígbà tí Làmídì wọlé. Òun ni fóòmánì àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọmọ Ìwó, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi ẹ̀fẹ̀ kún un. Ó dúró bí ẹni tó rí ejò.

“Ìyá wa,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “kí lẹ gbé ìkòkò lé?”

“Ààrò ni.”

“Ààrò.” Ó ṣí fìlà. “Ìyá wa, másítàsì lẹ gbé ìkòkò lé yẹn o.”

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo kọ̀ láti gbọ́ lálẹ́ àná. Kúùbù ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti po kọnkéré, wọ́n á rọ díẹ̀ sínú àpótí irin, bó bá dì, wọ́n á kó o sínú omi fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kó lè gbó. Bó bá pé, wọ́n á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ ẹrù tó lè gbà. Ọjọ́ àwọn wọ̀nyí ti fẹ́ pé. Oòrùn ti mú àwọn tó kù gbẹ, wọn kò ṣeé dán wò mọ́. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú iná, kò sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa wọn mọ́. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Wọn kò sọ ohun tí ọbẹ̀ lè ṣe fún ààrò.

Mojí dé. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó gbé ìkòkò mi sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ di ọwọ́, ó gbé ọ̀kan nínú kúùbù náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ó ti sán, sísán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

“Màámi,” ó ní, “ẹ ti sun másítàsì mi.”

Làmídì fi fìlà bo ẹnu. Mojí kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí lójú.

“Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ìyá Onílé ní ẹ sọ fún àwọn pé ẹ wá mú mi lọ sílé ni.”

Ẹ gbọ́ o. Ohun tí mo bá wá ti ṣẹ nìyẹn, láìlàágùn. Bí kò bá sí èsì kúùbù, kò sí ohun tó máa gbèjà. Bí kò bá gbèjà kí wọ́n tó pa sáà yìí dé, ó di ọdún mìíràn, ẹfun ọ̀gá iléèwé á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọdún náà tó yí po. Ohun tó kù ni kí n fọwọ́ lẹ́rán, kí n ní, “Ọmọ mi, bóyá Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀. Di ẹrù rẹ.” Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì. Ó gbóná ju iṣu lọ.

“N kò mọ̀ọ́mọ̀,” mo ní. “Tanwíjí ni mo rí.”

Ó jókòó tì mí, ó sì nawọ́ sí iṣu. Ó jinná dáadáa, n kò lè parọ́. Làmídì ló jẹ jù nínú wa. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ìwé gíga sè rí.

Lẹ́yìn náà ni Mojí pe olùkọ́ rẹ̀. Ó sọ fún un pé iná ló ba kúùbù òun jẹ́. Kò sọ iná ta ni. Olùkọ́ náà ní bó bá lè rọ òmíràn lọ́la, ọjọ́ rẹ̀ yóò pé gẹ́lẹ́ kí wọ́n tó pa sáà dé.

Ìkúnlẹ̀

Mo lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń pò ó lọ́jọ́ kejì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ohunkóhun má jábọ́ lé ọmọ mi lórí, mo sì wá dúró síbi tí mo ti lè fi ara gbà á. Kọnkéré náà le, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò ká a. Bí Mojí ṣe kẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn da omi sí i. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó sun kúùbù kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Mojí padà dé. Ó kó lára rẹ̀ sínú irin kan tó rí bí àrọ, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fa irin náà sókè. Ó yẹ kí kọnkéré náà dúró, kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ó wó pẹ̀ẹ̀, bí ẹ̀kọ tí kò dì.

“Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀,” Làmídì ní. “Ó ti dáa.”

Ọmọ mi ṣí akoto rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Làmídì, orúnkún méjèèjì nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ dà á nù.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, sà. Ẹ ṣeun, sà.”

Kò sì dìde. Làmídì wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wo sánmà, ó wò mí. “Ìyá Ẹnjiníà, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́! Sìmẹ́ńtì ni o, kì í ṣe erùpẹ̀!” Mojí wà lórí orúnkún, kò gbójú sókè, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n dà á nù. Wọ́n tún òmíràn pò, Mojí sì rọ kúùbù tuntun nínú rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìkúnlẹ̀, kí eyín rẹ̀ tó pé lẹ́nu. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń kọ́ ọ.

Olùṣọ́ dúróọ̀mù

Ìrìn-àjò tí mo dágbére ọ̀sẹ̀ kan fún yín, ẹ ti rí bó ṣe pẹ́ tó. Bó ṣe jẹ́ nìyí. Mo ní mo máa ṣọ́ kúùbù náà. Ta ló tún fẹ́ ṣọ́ ọ? A kì í mọ̀, ìyá kan tún lè wá láti Ṣakí pẹ̀lú iṣu. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo dúróọ̀mù náà. Mo lé ewúrẹ́, mo lé ọmọdé, mo lé ayálégbé kan tó fẹ́ bu omi rẹ̀ fọ mọ́tò. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ọ̀tún mi, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, oníkálukú pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ọlọ́run kò lè ní òun kò gbọ́ ti Ọ̀tà. Èmi ni n kò gbọ́ ti ara mi.

Ìyá Onílé máa ń gbé àpótí wá jókòó tì mí. “Ará òkè, òkúta yín ti hù?” Mo ní ó ti ń yọ ewé. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi orúkọ mi pè mí. Mo wá mú ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ sì ti gba èmi náà, wọn kò tiẹ̀ ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá.

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí iléèwé ń jáde. Títì di odò. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e lérí, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ kọ́ èjìká gbá apá mi mú láìmọ̀ mí rí, ó sì rọ̀ mọ́ ọn títí a fi sọdá. Bàtà rẹ̀ kan bá omi lọ. “Mọ́mì, ẹ ṣé,” ó ní. Lọ́jọ́ yẹn, n kò bi í pé ọdún wo ni mo bí i. Mo padà lọ wo dúróọ̀mù mi.

Ọjọ́ pé

Ọjọ́ pé. Mojí ká nẹ́ẹ̀tì, ó na ọwọ́ sínú omi. N kò mọ ohun tó ṣe mí.

“Jẹ́ kó tún wà níbẹ̀ díẹ̀,” mo ní. “Kí lò ń kánjú sí? Ó lè máà tíì gbó.”

“Ọjọ́ rẹ̀ ti pé, Màámi.”

“Bó bá wá fọ́ ńkọ́?”

“Ó máa fọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá yọ ọ́ kúrò nínú omi, ta ló fẹ́ mọ ohun tó lè gbé?”

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára dúróọ̀mù. Mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀.

Mo tẹ̀ lé e dé iléèwé, mo sì gbé ọ̀kan nínú kúùbù náà lé itan jálẹ̀ ọ̀nà. Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ agogo rẹ̀ ń gòkè, kúùbù kò mì. Mo ń gbàdúrà fún òkúta. Ọwọ́ agogo dé ibi tó yẹ kó dé, ó kọjá, ó ń lọ. Lẹ́yìn náà ló dún gbì, bí ìgbà tí a bá fọ́ àgbọn. Ohun tí mo fi ẹ̀mí mi ṣọ́ fọ́ sí méjì lójú mi, ọmọ mi sì fò mọ́ mi lọ́rùn, ó ń pariwo, “Ó gbà á! Màámi, ó gbà á!” Irú ìwé tí wọ́n ń kà ní Ọ̀tà nìyẹn.

Ó gbèjà ìwé rẹ̀ kí sáà tó pa dé, ó sì yege. Mo ní ó parí. Ó ní ó kù, pé wọn kò tíì rọ gọ́tà náà, wọ́n sì ní kí òun dúró rọ ọ́.

Ó sìn mí dé gáréèjì Sango láti ẹnu iṣẹ́. Mo ti ní ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè ṣe kí n má sọ ọ́.

“Mojí, àyè olùkọ́ yẹn ṣì wà o.”

Ó ṣí akoto rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín eruku, orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń pariwo “Mọ́mì, ẹ wọlé!” sí mi létí.

“Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ ṣeun, Màámi.”

Kò sì dìde. Mo ti rí ìkúnlẹ̀ yẹn rí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tó máa bá mi bẹ̀ ẹ́.

Mo dà á nù.

Nítorí náà, ọ̀gá iléèwé, ẹ fi àyè náà fún ẹlòmíràn, ẹ ṣeun. Ìdajì kúùbù tó fọ́ yẹn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo rù ú bọ̀ wá sílé dípò iṣu. Ẹ wá wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìkòkò lé e, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa wà níbẹ̀.